Bí Olùdíje fún Ipò Ààrẹ Ṣe Lè Yan Igbákejì Tí Kò Ní Kábàámọ̀ Rẹ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1945, wọ́n ránṣẹ́ pe Harry Truman sí ilé ààrẹ Amẹ́ríkà, wọ́n ní kó máa bọ̀ kíákíá. Bó ṣe wọlé, Eleanor Roosevelt, ìyàwó ààrẹ, gbọ́wọ́ lé e léjìká, ó ní ààrẹ ti kú. Truman bi í pé kí lòun lè bá a ṣe. Ìyá náà ní ṣé ohunkóhun wà tí àwọn gan-an lè bá a ṣe, torí Truman ni wàhálà bá báyìí. Ọjọ́ 82 péré ló tíì lò nípò igbákejì. Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì parí, ìjọba ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì lábẹ́lẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó tíì jókòó ti Truman láti la gbogbo iṣẹ́ náà yé e.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló yẹ kó wà lọ́kàn olùdíje láti ìgbà tó bá ti ń ronú orúkọ àkọ́kọ́. Ní Amẹ́ríkà nìkan, igbákejì mẹ́sàn-án ló ti gun orí àga láàárín sáà ọ̀gá wọn: ikú ló gbé mẹ́jọ débẹ̀, ẹ̀kẹsàn-án débẹ̀ nígbà tí Richard Nixon kọ̀wé fipò sílẹ̀ lọ́dún 1974. Nílẹ̀ Áfíríkà, Goodluck Jonathan gba ipò Umaru Musa Yar'Adua ní Nàìjíríà lọ́dún 2010, Joyce Banda gba ti Bingu wa Mutharika ní Malawi lọ́dún 2012, John Mahama gba ti John Atta Mills ní Ghana lọ́dún 2012 kan náà, Samia Suluhu Hassan gba ti John Magufuli ní Tanzania lọ́dún 2021. Nígbà tí wọ́n ń mú wọn, ìbò tí wọ́n máa fà wá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà. Ìtọ́sọ́nà tí mo kọ síbí yìí wà fún olùdíje àti àwọn tó súnmọ́ ọn, kí wọ́n lè ka ìbò náà tán kí wọ́n má sì gbàgbé àga.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka òfin kí ẹ tó ka orúkọ

Òfin orílẹ̀-èdè kan kò bá ti èkejì mu lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Philippines, ọ̀tọ̀ ni ìbò ààrẹ, ọ̀tọ̀ ni ti igbákejì. Lọ́dún 2016, Rodrigo Duterte di ààrẹ, Leni Robredo tí ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn fà kalẹ̀ sì wọlé gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Abala 142 òfin ọdún 1999 sọ pé olùdíje tí kò bá fa igbákejì kalẹ̀, bí ẹni tí wọn kò fà kalẹ̀ rárá ló rí. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń wọlé, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣubú. Ghana àti Kenya náà ń gba orúkọ igbákejì kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí òfin bá béèrè lọ́wọ́ ààrẹ, ó máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ igbákejì pẹ̀lú. Ní Nàìjíríà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ bíbí orílẹ̀-èdè náà, kó ti pé ọmọ ọdún 35 (ọdún 40 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó dín in kù lọ́dún 2018), kó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó fà á kalẹ̀, kó sì ti kàwé dé ìpele ìwé ẹ̀rí girama, ó kéré tán. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ bíbí ni, ọmọ ọdún 35, tó ti gbé nílẹ̀ náà fún ọdún 14. Ní Tanzania, bí ààrẹ bá wá láti Zanzibar, òfin ní kí igbákejì wá láti apá kejì orílẹ̀-èdè náà, ìyẹn Tanganyika, bó bá sì jẹ́ apá kejì lààrẹ ti wá, Zanzibar ni igbákejì yóò ti wá.

Ẹ fi lọ́yà sídìí iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, torí àwọn òfin tó farasin wà. Lọ́dún 2000, George W. Bush fẹ́ mú Dick Cheney, ìpínlẹ̀ Texas kan náà sì làwọn méjèèjì ń gbé. Òfin Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí àwọn aṣojú olùdìbò ìpínlẹ̀ kan (àwọn tó ń dìbò yan ààrẹ gan-an lórúkọ ìpínlẹ̀ wọn) fi ìbò wọn gbé èèyàn méjì tó jẹ́ ará ìpínlẹ̀ wọn. Cheney ní láti yára lọ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdìbò ní Wyoming, níbi tó ti ṣojú wọn nílé aṣòfin tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó kéde orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni fún ẹni tó tètè mọ̀. Ẹni tí kò tètè mọ̀ ì bá pàdánù ìbò Texas lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ ohun tí ẹ ń wá sílẹ̀

Kí orúkọ kankan tó jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni, kí olùdíje jókòó ní òun nìkan, kó mú ìwé, kó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Níbo ni ìbò mi ti fẹ́lẹ́? Iṣẹ́ wo ni mi ò mọ̀ ṣe nínú iṣẹ́ ààrẹ? Kí ni mi ò lè fara dà lára ẹni tí a ó jọ máa ṣèpàdé fún ọdún mẹ́rin? Bí orúkọ bá ti ṣáájú, gbogbo ohun tí ẹ bá ń kọ lẹ́yìn náà, ẹ óò kàn máa gé e kó bá ẹni yẹn mu ni.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni àwọn olóṣèlú máa ń lo gbogbo àkókò wọn lé lórí, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá fẹ́ di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Àbújá, yàtọ̀ sí pé kí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹnì kan kò lè fi ìbò agbègbè tirẹ̀ nìkan dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí olùdíje láti Gúúsù fi máa ń wojú Àríwá, tí ti Àríwá náà ń wojú Gúúsù. Lọ́dún 1979, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mú Philip Umeadi, ọmọ Gúúsù àti Kìrìsìtẹ́nì bíi tirẹ̀. Shehu Shagari ní tirẹ̀ mú Alex Ekwueme láti ìhà Ìlà-oòrùn. Shagari ló wọlé. Nǹkan mìíràn pọ̀ nínú ìdìbò yẹn tó kọjá ọ̀rọ̀ igbákejì, ṣùgbọ́n nígbà tí Awólọ́wọ̀ tún díje lọ́dún 1983, ọmọ Àríwá, Muhammadu Kura, ló mú.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òfin kan wà lókè ọ̀run tó ní kí igbákejì yàtọ̀ sí ọ̀gá rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Lọ́dún 1993, M.K.O. Abíọ́lá tó jẹ́ Mùsùlùmí mú Babagana Kingibe tí òun náà jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn kan sì ní ìbò Kìrìsìtẹ́nì ti lọ nìyẹn. Èsì ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà kò bá wọn sọ ọ́. Bola Tinubu tún ṣe irú ẹ̀ lọ́dún 2022 nígbà tó mú Kashim Shettima. Ní Amẹ́ríkà, John F. Kennedy tẹ̀ lé ọ̀nà àtijọ́ lọ́dún 1960: ọmọ Àríwá-Ìlà-oòrùn, ó mú Lyndon Johnson láti Texas. Bill Clinton ṣe òdìkejì rẹ̀ lọ́dún 1992. Ọmọ Arkansas ni, ó mú Al Gore láti Tennessee tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ojúgbà lọ́jọ́ orí, ọmọ Gúúsù bíi tirẹ̀. Ohun tó fẹ́ kí aráàlú rí ni ìran tuntun méjì lórí pèpéle kan, wọ́n sì rí i.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni kí ẹ mú ẹni tó máa dí ihò yín. Èkejì ni kí ẹ mú ẹni tó máa jẹ́ kí ohùn yín túbọ̀ dún ketekete. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tíì kárí gbọ́dọ̀ gba ti àkọ́kọ́. Ẹni tí àwọn èèyàn mọ̀ dáadáa, tí wọn kò kàn mọ ohun tó dúró fún, ti èkejì ló yẹ ẹ́. Ohun tí mo ti rí tó ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́ ni kí wọ́n fẹ́ méjèèjì pọ̀ lára ẹnì kan ṣoṣo, kí wọ́n wá mú ẹni tí kò dí ihò kankan, tí ohùn rẹ̀ kò sì dún síbì kan.

Lórí ìbéèrè kejì, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Bí olùdíje kò bá tíì ṣiṣẹ́ nílé aṣòfin rí, ẹni tó mọ ilé aṣòfin ni kó wá. Bí kò bá mọ ọrọ̀ ajé tàbí ọ̀rọ̀ ààbò, ó mọ ibi tó yẹ kó wò.

Ìbéèrè kẹta ni olùdíje nìkan lè dáhùn. Àwọn kan kò lè fara da ẹni tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ takò wọ́n nípàdé. Àwọn mìíràn, ẹni tí kì í tètè dé ni kò bá wọn lára mu. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wù kó kéré mọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yan àwọn tó máa ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n má pọ̀

Mẹ́ta sí márùn-ún tó. Kí ọ̀kan jẹ́ lọ́yà, kí ọ̀kan mọ ìwé owó kà dáadáa, kí ọ̀kan jẹ́ àgbà tí olùdíje kò lè fi ojú tẹ́ńbẹ́lú, tó lè wò ó lójú kó ní, “Èyí kò dáa.” Ẹni tó bá fẹ́ ipò náà fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Cheney tí mo mẹ́nu bà lókè yẹn, òun gan-an ni Bush ní kó bá òun ṣètò wíwá igbákejì, òun náà ni wọ́n sì mú níkẹyìn. Kò ba ìdìbò wọn jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé àwọn yòókù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ẹni tó ka tirẹ̀ bó ṣe ka tiwọn.

Kí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ má kọjá orúkọ mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kí obìnrin wà nínú rẹ̀, kì í ṣe láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Ní Ghana, Jane Naana Opoku-Agyemang ti jẹ́ gíwá yunifásítì Cape Coast, ó ti ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́, kí Mahama tó fà á kalẹ̀ lọ́dún 2020 àti 2024. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ igbákejì ààrẹ níbẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà ní ibi púpọ̀ tí wọn kì í tilẹ̀ dárúkọ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ tú gbogbo ẹrù rẹ̀ wò

Igi gànǹgàn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùdíje ti ń sáré kọjá, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ṣubú. N óò fara balẹ̀ níbẹ̀.

Lóṣù Keje ọdún 1972, ẹgbẹ́ Democrat ní Amẹ́ríkà fa George McGovern kalẹ̀. Ìpàdé ńlá ẹgbẹ́ ti fẹ́ parí, wọn kò tíì ní igbákejì, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀ kò gbà. Wọ́n wá pe Sẹ́nétọ̀ Thomas Eagleton lórí fóònù. Wọ́n bi í bóyá ohun ìtìjú kan wà tó fi pamọ́. Ó ní kò sí. Ìpè náà kò gùn. Láìpẹ́ ni ìròyìn jáde pé wọ́n ti dá a dúró sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹta nítorí àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, wọ́n sì ti fi iná mànàmáná tọ́jú rẹ̀. McGovern kọ́kọ́ ní òun wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Kò pé ogúnjọ́ tí wọ́n fa Eagleton kalẹ̀ tó fi yẹ̀bá. Wọ́n tún ń fi orúkọ lọ èèyàn kan sí òmíràn, títí Sargent Shriver fi gbà. Nígbà ìdìbò, ìpínlẹ̀ Massachusetts àti olú-ìlú nìkan ni McGovern mú.

Àìsàn ọkàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ti ṣàìsàn, tó gba ìtọ́jú, tó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, kò sí ohun tó ní kó má ṣe igbákejì ààrẹ. Ohun tó pa ìdíje yẹn ni pé ẹ̀yìn tí wọ́n ti fà á kalẹ̀ ni ọ̀gá tó gbọ́ ọ. Ìbá ṣe pé wọ́n lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dípò ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn ì bá ti mọ̀, wọn ì bá sì pinnu pẹ̀lú ojú tó là sílẹ̀.

Àwọn ìwé tó yẹ kí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan nìwọ̀nyí, ojúlówó wọn, kì í ṣe ẹ̀dà:

- ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti girama, ti yunifásítì, àti ti àgùnbánirọ̀ níbi tí òfin bá ti béèrè rẹ̀;
- ìwé owó orí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn;
- orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tó ní ìpín nínú rẹ̀, tirẹ̀ àti ti ọkọ tàbí aya rẹ̀;
- gbèsè, ẹjọ́ tó ti parí àti èyí tó ṣì wà ní kóòtù;
- ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè mìíràn, bó bá ní;
- ìwé dókítà, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀.

Lórí ìwé ẹ̀rí, ẹ kà á lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ fi ìka tọ orúkọ: ṣé orúkọ tó wà lórí ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà lórí ti yunifásítì? Bí ó bá yí padà, ìwé ìbúra dà? Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi kéde ìyípadà náà dà? Ní ìpínlẹ̀ Bayelsa, David Lyon wọlé gẹ́gẹ́ bí gómìnà lọ́dún 2019. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2020, tó ku ọ̀la kí wọ́n búra fún un, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà fagi lé ìdìbò náà nítorí pé orúkọ tó wà lórí àwọn ìwé ẹ̀rí igbákejì rẹ̀ kò bára mu. Ẹni tó borí nínú ìbò kò rí àga jókòó sí, ẹlòmíràn ni wọ́n búra fún lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ gómìnà ni, ṣùgbọ́n ìdè tó so gómìnà mọ́ igbákejì náà ló so ààrẹ mọ́ tirẹ̀.

Ti owó ẹbí tún wà. Lọ́dún 1984, Walter Mondale mú Geraldine Ferraro, obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ ńlá kan fà kalẹ̀ sípò náà ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ owó orí àti òwò ọkọ rẹ̀ ló gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan mọ́ wọn lọ́wọ́, nígbà tó yẹ kí wọ́n máa polongo ìbò. Ẹ béèrè nípa aya, ọkọ, ọmọ, àbúrò tó ń gba kọńtíráàtì. Bó bá bínú sí ìbéèrè náà, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìwé, ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ọ̀dọ́ méjì tó mọ̀ ọ́n lò jókòó ka gbogbo ohun tó ti kọ láti ọdún mẹ́wàá, kí wọ́n wo fídíò tó ti sọ̀rọ̀, pàápàá níbi tó ti ń fi èdè abínibí rẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárín àwọn tirẹ̀. Ohun tí èèyàn ń sọ nígbà tó rò pé àwọn ará ilé nìkan ló ń gbọ́ ni àwọn alátakò máa ń wá kiri.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ojúkojú

Nígbà tí orúkọ bá ku mẹ́ta, kí olùdíje pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jókòó fún wákàtí méjì, ó kéré tán, láìsí olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá. Jimmy Carter ṣe é lọ́dún 1976. Ilé rẹ̀ ní Plains, ìlú kékeré ní Georgia, ni àwọn kan nínú àwọn tó ń rò ti wá bá a, wọ́n jókòó, wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Walter Mondale wà lára wọn, òun ni Carter mú.

Ìbéèrè tó dára jù níbẹ̀ ni èyí tí wọn kò lè múra ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ká ní olùdíje jẹ́ ẹni ọdún 52, tí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ sì jẹ́ gómìnà àná tó ti lé ní 60, ó lè rí báyìí:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Èwo nínú ohun tí mo ti sọ ní gbangba ni ẹ gbọ́ tí ẹ ní, ‘Àbúrò mi ṣì í níbí yìí’?”

“Ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ epo ni. O ní o máa yọ ọ́ lọ́jọ́ tí o bá wọlé. Kò burú, ṣùgbọ́n o kò sọ ohun tí tálákà máa jẹ lọ́jọ́ kejì.”

“Bí mo bá wọlé tí mo ṣì yọ ọ́ báyẹn, kí lẹ máa ṣe?”

“N óò wá bá ọ nínú yàrá, n óò sọ fún ọ títí o fi máa sú. Bí o bá ṣì kọ̀, n óò jáde, n óò sì dúró tì ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní í sọ fún oníròyìn pé èrò mi ni.”

Ẹni tó dáhùn báyẹn, ẹ ní ohun gidi lọ́wọ́. Ẹni tó ní kò sí ohun tí olùdíje ti sọ tí kò bá òun lára mu, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ pe ẹnìkejì wọlé.

Ẹ tún bi í bóyá ó fẹ́ di ààrẹ lọ́jọ́ iwájú. Ó fẹ́, kò sí olóṣèlú tí kò fẹ́. Ohun tí ẹ ń wá ni bóyá yóò sọ ọ́. Kí ìbéèrè ìkẹyìn sì jẹ́ ti Truman: “Bí mo bá kú lálẹ́ òní, kí ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe láàárọ̀ ọ̀la?” Kí olùdíje dákẹ́, kó gbọ́ ọ tán.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ kọ àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó kéde

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin kò fún igbákejì ní iṣẹ́ tó pọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ààrẹ lè lé e lọ. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ mú Àtíkù Abubakar lọ́dún 1999, nígbà tí Àtíkù ti wọlé gẹ́gẹ́ bí gómìnà ní Adamawa tí wọn kò tíì búra fún un. Kí sáà kejì tó parí, wọ́n ti di ọ̀tá. Àtíkù bọ́ sínú ẹgbẹ́ mìíràn, ìjọba ní ipò rẹ̀ ti ṣófo, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì sọ lọ́dún 2007 pé ààrẹ kò ní agbára láti kéde bẹ́ẹ̀. Ní Malawi, Mutharika lé Joyce Banda kúrò nínú ẹgbẹ́ ṣùgbọ́n kò lè lé e kúrò nípò. Nígbà tí ààrẹ náà kú lóṣù Kẹrin ọdún 2012, obìnrin tó lé ló jókòó sórí àga rẹ̀. Ní Kenya, William Ruto àti Rigathi Gachagua jọ wọlé lọ́dún 2022. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ilé aṣòfin àgbà yọ Gachagua nípò, Kithure Kindiki gba ipò náà.

Lẹ́yìn tí Carter àti Mondale wọlé, Mondale kọ ìwé sí Carter lóṣù Kejìlá ọdún 1976 lórí ohun tó rò pé igbákejì yẹ kó máa ṣe: kó máa rí àwọn ìwé àṣírí tí ààrẹ ń rí, kó máa rí ààrẹ déédéé, kó jẹ́ olùdámọ̀ràn lórí gbogbo nǹkan dípò kí wọ́n fi ẹ̀ka kan há a mọ́. Carter gbà. Ó fún un ní ọ́fíìsì nínú ilé iṣẹ́ ààrẹ gan-an, wọ́n sì jọ ń jẹun ọ̀sán lọ́ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni kí ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá wọlé. Ojú ewé méjì tó: ìpàdé wo ni yóò máa wà, ìwé wo ni yóò máa rí, òṣìṣẹ́ mélòó ni yóò ní, ta ni yóò máa bá àwọn gómìnà sọ̀rọ̀, báwo ni wọn yóò ṣe parí ìjà. Kí ó sì hàn nínú rẹ̀ pé bí ààrẹ bá rìnrìn àjò tàbí ṣàìsàn, yóò kọ̀wé fún igbákejì láti dúró sípò rẹ̀. Yar'Adua kúrò nílé fún ìtọ́jú lóṣù Kọkànlá ọdún 2009 láìsí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè wà láìmọ ẹni tó ń darí títí di ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 2010, nígbà tí ilé aṣòfin ní kí Jonathan máa ṣe adelé.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọjọ́ tí àjọ elétò ìdìbò dá

Ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ọjọ́ tí wọ́n máa gba orúkọ. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀ fún gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè yìí. Nígbà tí àkókò há lọ́dún 2022, Tinubu fi orúkọ Kabir Masari sílẹ̀ lọ́dọ̀ INEC láti bá a di àyè mú, Peter Obi fi ti Doyin Okupe sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì yẹ̀bá, Shettima àti Yusuf Datti Baba-Ahmed sì wọlé sípò wọn. Ó kọjá, ṣùgbọ́n ẹjọ́ Shettima dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, torí wọ́n ti fà á kalẹ̀ fún sẹ́nétọ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé ẹjọ́ náà da ẹjọ́ ọ̀hún nù lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìbúra. Bí ẹ bá ní láti di àyè mú, ẹni tí kò ní wá fẹ́ràn àga náà ni kí ẹ fi síbẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ sì ti jáwọ́ nínú ìdíje mìíràn pátápátá, pẹ̀lú ìwé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Àwọn tí ẹ kò mú

Kí olùdíje fúnra rẹ̀ pè wọ́n, kó tó kéde. Kó má rán ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 2022, Nyesom Wike ló ṣe ìpò kejì sí Àtíkù nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ wọn. Ifeanyi Okowa ni Àtíkù mú. Gómìnà márùn-ún, Wike sì wà lára wọn, kò bá Àtíkù polongo ìbò títí ìdìbò fi parí. Lọ́dún kan náà ní Kenya, Raila Odinga mú Martha Karua. Kalonzo Musyoka tó ti ń retí ipò náà ní òun yóò díje fún ààrẹ fúnra òun. Ó padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ ìpolongo kì í padà. Ẹ fojú sí i pé ẹni tí ẹ kò mú lè jẹ́ gómìnà tó ní ìpínlẹ̀ tí ẹ nílò. Ẹ lọ sílé rẹ̀, ẹ sọ ìdí náà fún un lójúkojú, kí ẹ sì ní ohun gidi kan lọ́wọ́ tí ẹ fẹ́ kó ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ìkéde, àti ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀

Ìkéde kò le. Kí ẹbí méjèèjì wà níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ igbákejì má gùn ju ti ọ̀gá lọ, kí ó sì ti mọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́wàá tó le jù nípa ara rẹ̀ kó tó gun pèpéle. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kó dá lọ bá oníròyìn kankan.

Ní ti ẹnì kejì lórí àkọsílẹ̀ yín, ẹ tọ́jú fáìlì rẹ̀. Ẹ tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ kan tí lọ́yà nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kó wà níbẹ̀ títí ọjọ́ tí òfin gbà láàyè láti pààrọ̀ orúkọ yóò fi kọjá. Nígbà náà ni kí ẹ tó dá àwọn ìwé ẹ̀rí padà fún gbogbo àwọn tó fún yín, kí wọ́n buwọ́ lù ú pé wọ́n gbà á, kí ẹ sì sun gbogbo ẹ̀dà tó kù.